“Boycott”: Orúkọ Ènìyàn Tí Ó Di Ọ̀rọ̀ Ìṣe

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sùn gbàgbé tí kò sì lọ sí kíláàsì, a lè gbọ́ kí ó fọ́nnu pé òun “boycott” iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àṣìlò pátápátá ni. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà ni yóò fi ìdí rẹ̀ hàn.

Charles Cunningham Boycott ni aṣojú onílẹ̀ kan, Lord Erne, ní agbègbè Mayo ní ilẹ̀ Ireland. Ní ọdún 1880, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí a dín ìṣákọ́lẹ̀ kù. Èyí tí a dín kò tẹ́ wọn lọ́rùn, Boycott sì fẹ́ lé àwọn tí kò san án kúrò. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún náà, Charles Stewart Parnell, olórí ẹgbẹ́ Land League, ti gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn ní ìlú Ennis pé bí ẹnikẹ́ni bá gba oko tí a lé ẹlòmíràn kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n má ṣe pa á, kí wọ́n ta kété sí i. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fún Boycott. Àwọn òṣìṣẹ́ fi oko rẹ̀ sílẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò tajà fún un mọ́. Nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn ni ó wá láti Ulster láti bá a kórè, àwọn ọmọ ogun sì ń ṣọ́ wọn. Owó tí a ná ju iye irè oko náà lọ fíìfíì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Dìsẹ́ńbà, Boycott fi Ireland sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ènìyàn.

Nínú èdè Yorùbá, “yàn lódì” ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ṣùgbọ́n ẹni méjì péré lè yan ara wọn lódì. “Boycott” fẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó fi ohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n sì ní ẹ̀sùn kan pàtó. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Irú rẹ̀ ni ti ẹgbẹ́ UPGA, tí ó kọ ìdìbò ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1964 nítorí ẹ̀sùn màgòmágó.

Ní ti ìlò, àbọ̀ máa ń tẹ̀ lé e tààrà: “They boycotted the meeting.” “They boycotted to attend” kò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò gba “from”. Ènìyàn, ọjà tàbí ìpàdé lè jẹ́ àbọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó sùn gbàgbé kò yan ẹnikẹ́ni lódì. Ó kàn pa kíláàsì jẹ ni.