Bí Ibà Lassa Ṣe Ń Ti Oko Wọlé ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

(Àkíyèsí: Àròkọ alálàyé ni èyí. Má ṣe sọ ìtàn, má sì ṣe jiyàn. Sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ àti ohun tí a lè ṣe sí i.)

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ibà Lassa mu. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní ìlú Lassa, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ó ti ń jà jù lọ. Kí ni ó fà á?

Wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Bí o bá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ́n, ìwọ yóò rí i pé ilé, oko àti igbó kò jìnnà sí ara wọn. Ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ni oko ẹ̀gẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìlú ti ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wọ inú oko. Bí oko ti ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni igbó ń dín kù.

Irú ààlà báyìí ni ó tẹ́ eku kan lọ́rùn. Mastomys natalensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe eku igbó kìjikìji. Inú oko àti inú ilé ni ó ń gbé, ó sì máa ń bímọ púpọ̀. Nígbà òjò, oúnjẹ wà fún un lóko. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí a ti kórè, tí a sì ti dáná sun igbó, ebi àti iná a lé e wá sí ilé. Níbẹ̀ ni yóò ti bá láfún tí a sá sí etí títì, àgbàdo inú àpò àti ààtàn ẹ̀yìn ilé. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi máa ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku yìí ni kòkòrò àrùn náà wà. Bí ó bá tọ̀ sí gàrí tí a fi omi tútù rẹ mu, àrùn lè wọlé. Ẹni tí ó ń pa eku jẹ lè kó o, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì aláìsàn. Nínú ènìyàn 10 tí ó bá kó o, bí 8 ni kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó bá le débi pé a dá wọn dúró sí ilé-ìwòsàn, bí 15 nínú 100 ni ó ń kú. Àwọn mìíràn a sì di adití.

Kí ni ṣíṣe? Pípa eku nìkan kò tó, nítorí òmíràn yóò tún ti oko wá. Ẹnu ògiri ni kí a dí. Kó oúnjẹ sínú ohun tí ó ní ìdérí, sá láfún sórí pẹpẹ, kí o sì kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, gbé ààtàn jìnnà sí ilé, sin ológbò. Bí ara bá gbóná tí oògùn ibà kò ràn án, má ṣe dúró nílé. Ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú àrùn yìí, ìtọ́jú sì dára jù nígbà tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìlú kò lè ṣàì fẹ̀, àgbẹ̀ kò sì lè ṣàì dáko. Ohun tí ó kù ni pé kí a mọ bí a ó ti máa gbé ní ẹ̀gbẹ́ oko tí eku kò fi ní di ará ilé wa.