Ìsinmi Tí Ó Tọ́ Sí Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Ọ̀mọ̀wé Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ní ọmọ tàbí ìbátan tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀kọ́ yìí a máa gbà tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó sì sábà máa ń bọ́ sí àkókò tí ènìyàn ń gbéyàwó tàbí tí ó ń relé ọkọ, tí ó sì ń bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó dé. Ìbéèrè tí ó wá ń dìde ni pé, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lóyún tàbí tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ta ni yóò máa fún un ní owó oúnjẹ? Ǹjẹ́ àyè rẹ̀ ní Yunifásítì kò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kì í sábà ka akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé sí òṣìṣẹ́. Ní ilẹ̀ Sweden àti Norway, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni ó ń gba owó oṣù gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, tí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ sì jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdéhùn tí ó wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni a ó wò.

Èyí tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn àdéhùn wọ̀nyí ni ti UKRI, àjọ tí ìjọba ilẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 láti máa pín owó ìwádìí ìmọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ 2021 sí 2022 ni a ti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè láyè láti du ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà, bí iye wọn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, owó ìgbọ́bùkátà tí ó kéré jù lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́ £20,780 ní ọdún.

Obìnrin tí ó bá bímọ lábẹ́ àdéhùn yìí ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ 52. Fún ọ̀sẹ̀ 26 àkọ́kọ́, yóò máa gba owó rẹ̀ ní pípé, èyí tí ó tó bí £10,390 bí a bá fi iye òkè yìí ṣírò. Fún ọ̀sẹ̀ 13 tí ó tẹ̀lé e, ìwọ̀n owó tí òfin là kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ó bímọ ni yóò máa gbà. Ọ̀sẹ̀ 13 tí ó kẹ́yìn kò ní owó nínú. Kò pọn dandan pé kí ó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ kí ẹ̀tọ́ yìí tó kàn án. Bákan náà ni fún ẹni tí ó bá gba ọmọ tọ́ ní ìlànà òfin. Ọkọ ìyá ìkókó, bí òun náà bá wà lábẹ́ àdéhùn yìí, ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú owó rẹ̀ ní pípé.

Ní ti àìsàn, ọ̀sẹ̀ 13 láàárín oṣù 12 ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi sinmi pẹ̀lú owó tẹ́lẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni a ti sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ 28. Bí àìsàn bá pẹ́, ilé ẹ̀kọ́ a máa béèrè ìwé ẹ̀rí dókítà.

Àǹfààní tí ó wà nínú ìsinmi tí a kọ sílẹ̀ kì í ṣe ti owó nìkan. Iye ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi sinmi ni a ó fi sún ọjọ́ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ síwájú. Ẹni tí ó bá fi àìsàn tàbí oyún pamọ́, tí kò gba ìsinmi, àkókò rẹ̀ kò ní yé lọ, owó rẹ̀ yóò sì tán nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀ràn mìíràn wà fún ẹni tí ó lo físà akẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀ níwájú ìjọba, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dá ẹ̀kọ́ dúró. Bí ìdádúró náà yóò bá ju 60 ọjọ́ lọ, ilé ẹ̀kọ́ lè fa ọwọ́ ìgbọ̀wọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ sí ìwé ìsinmi, kí ó kọ́kọ́ lọ bá ọ́fíìsì tí ń rí sí ọ̀ràn físà ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Kí àwọn òbí sì mọ̀ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ọmọ kì í di ọmọ onílùú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìkì nítorí pé a bí i síbẹ̀. Ó di ìgbà tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ onílùú, tàbí tí ó ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke.

Ẹni tí ó ń san owó ara rẹ̀, tàbí ẹni tí ilé iṣẹ́ kan rán láti ilé, kò sí lábẹ́ àdéhùn UKRI. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ka ìwé àdéhùn tirẹ̀ dáadáa kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó sì béèrè ohun tí ó wà níbẹ̀ nípa oyún àti àìsàn.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, kí ó kọ ìwé sí ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́, kí ó sì dúró gba èsì ní àkọsílẹ̀ kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ará ilé pẹ̀lú fi sùúrù bá a lò, kí wọ́n má ṣe ka ìsinmi rẹ̀ sí ìmẹ́lẹ́. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Oyè tí ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé, oyè náà ni.