Owendo: Ẹnu Ọ̀nà Ọrọ̀ Gabon

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọrọ̀ ilẹ̀ Gabon ń gbà jáde, kó lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè Owendo, ní gúúsù Libreville, níbi tí ojú irin ti pàdé èbúté. Nígbà tí Ààrẹ Omar Bongo fẹ́ la ojú irin náà, Báńkì Àgbáyé kọ̀, kò yá a lówó. Bongo wá owó níbòmíràn, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1974. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1986 ló dé Franceville, ìrìn tó lé ní 640 kìlómítà nínú igbó kìjikìji.

Ṣáájú èyí, ilẹ̀ Congo ni máńgánísì tí wọ́n ń wà ní Moanda ń gbà dé òkun. Lónìí, Owendo ló ń gbà, òun àti igi gẹdú. Àwọn èrò náà ń wọkọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú irin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pín. Nígbà tí ilẹ̀ ya lu ojú irin ní ìparí ọdún 2022, ọ̀nà dí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: èrò há, ẹrù há.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ní ti rélùwéè Owendo, ọ̀nà kan náà ló ṣì wọ̀ ọ́.