Màídúgùrí: Ọmọ ọwọ́ ní àtìmọ́lé

Ní bárékè Giwa, nínú ìlú Màídúgùrí tí àdúgbò Hausari wà, ni àwọn ológun ti há àwọn tí wọ́n fura sí gẹ́gẹ́ bí Boko Haram mọ́, tọmọtọmọ. Àjọ Amnesty International kéde lọ́dún 2016 pé ènìyàn 149, ó kéré tán, ti kú níbẹ̀ lọ́dún náà. 11 nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ebi, àrùn àti àìrí omi mu wà lára ohun tó pa wọ́n. Iléeṣẹ́ ológun tako ìròyìn náà.

Ààbò ìlú ni ìjọba ń tọ́ka sí, kò sì sí ará Borno tí yóò fi ìyẹn ṣeré. Lọ́dún 2022, ìjọba àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ológun fa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé aláṣẹ ìlú lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ méje. Bí ìyá bá ṣì wà ní àhámọ́ ńkọ́: ṣé a ó já ọmọ rẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú ni?