Ilé Ìsinmi Nínú Igbó Gabon

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé yoga sínú igbó nítòsí Libreville, níbi tí àwọn àlejò yóò ti máa na ara, tí wọn yóò sì máa fi ọkàn balẹ̀, kí ó rántí pé ìdákẹ́jẹ́ igbó ni ọjà rẹ̀. Bí ilé bá pa igbó, ọjà ti bàjẹ́.

Igbó bo ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ Gabon lọ. Ní ọdún 2002, ìjọba ya ọgbà ẹ̀dá 13 sọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Pongara, kọjú sí Libreville láti òdìkejì omi. Ní 2010, òfin de kíkó ìtì igi tí a kò là lọ sí òkè òkun. Nkok, tí kò jìnnà sí olú-ìlú, wà lára ibi tí a ti ń là á.

Igi ilé, nígbà náà, wà nítòsí. Azobé le, ó sì wúwo. Òun ni ó yẹ fún òpó tí yóò gbé ilé kúrò nílẹ̀, kí àgbàrá lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, nítorí òjò ọdún kan níbẹ̀ ju mìlímítà 2,500 lọ. Okoumé fúyẹ́, ikán sì ń jẹ ẹ́. Inú ilé ni àyè rẹ̀. Kí òrùlé yọ jáde dáadáa, kí òjò má ba ògiri, kí afẹ́fẹ́ sì wọlé fàlàlà. Kí a gbe omi òjò sínú àgbá de ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù June sí September.

Lóòótọ́, igi kan kì í dá igbó ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń gé igbó títí yóò fi di pápá.