Ìgbà òtútù ní London: Ẹ rọra ṣe é

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jápa dé London, ẹ gbọ́ o. Lóṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, òkùnkùn ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, òkùnkùn ni mo fi ń bọ̀. Ó rẹ̀ mí títí, mo rò pé mo ti ya ọ̀lẹ ni.

Oòrùn ni ara fi ń ṣe fítámì D, ti ìgbà òtútù ibẹ̀ ò sì lágbára tó. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Britain fi ní kí àwa aláwọ̀ dúdú ronú láti máa lo 10 microgram lójúmọ́, yípo ọdún.

Ní báyìí, mo máa ń rìn jáde lọ́sàn-án, mi ò sì gba iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú mọ́. Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o.