Èdè Kanashi àti Orírun Àwọn Ará Malana

Ní àgbègbè Kullu, ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh ní ilẹ̀ Íńdíà, ni abúlé Malana wà. Ẹ̀gbẹ́ òkè Himalaya ni a tẹ̀ ẹ́ dó sí, ó sì fi ohun tí ó lé ní 2,500 mítà ga ju ojú òkun lọ. Odò Malana ń ṣàn lọ́ sínú Parvati, Parvati sì ń ṣàn lọ sínú odò Beas.

Ìtàn kan tí ó gbajúmọ̀ sọ pé àrọ́mọdọ́mọ àwọn jagunjagun Alexander ni àwọn ará Malana. Òtítọ́ ni pé ní ọdún 326 ṣáájú ìbí Kristi, ọmọ-ogun Alexander dé etí odò Beas, wọ́n sì kọ̀ láti tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n èdè abúlé náà kò gbe ìtàn yìí lẹ́sẹ̀. Inú ẹbí èdè Sino-Tibetan ni Kanashi wà, Malana nìkan ni a sì ti ń sọ ọ́. Kinnauri, èdè àwọn ará Kinnaur tí ó jìnnà sí wọn, jẹ́ ìbátan rẹ̀. Èdè Indo-Aryan ni àwọn abúlé tí ó yí Malana ká ń sọ, ẹbí ńlá kan náà ni Indo-Aryan àti Gíríìkì sì ti wá. Nítorí náà, èdè àwọn aládùúgbò ni ó bá Gíríìkì tan, kì í ṣe Kanashi.

Lóòótọ́, èdè kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ènìyàn a máa pa èdè dà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá di ìtàn Alexander mú ní láti ṣàlàyé bí àwọn ọmọ-ogun náà ṣe gba èdè tí aládùúgbò wọn kankan kò sọ.

Òkè gíga nìkan kọ́ ni ó pa Kanashi mọ́. Abẹ́ àṣẹ òrìṣà Jamlu ni abúlé wà. Pujari, tí í ṣe àwòrò, àti Gur, tí í ṣe ẹlẹ́gùn, wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń dá ẹjọ́. Àlejò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojúbọ. Kanashi ni èdè àárín ara wọn. Èdè mìíràn ni wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

Ààlà yìí ti ń ṣí. Iṣẹ́ iná mànàmáná tí ń lo agbára odò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, ọ̀nà mọ́tò sì ti sún mọ́ abúlé. Èdè Híńdì ń gbilẹ̀ láàrin àwọn ọmọdé nípa ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Ní ọdún 2022, Anju Saxena àti Lars Borin ṣe olóòtú ìwé ìwádìí kan lórí Kanashi. Ìwé lè tọ́jú ọ̀rọ̀; ẹnu ọmọ ni ó ń tọ́jú èdè. Bí Kanashi bá kú, ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ nípa orírun Malana yóò bọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ni ín.